Ẹ Bọ́ Bàtà Yín Kí Ẹ Tó Wọlé

Bí ọkàn bá ṣeé kó sínú àpò kí èèyàn sì fa sípù rẹ̀ pa, Mubarakah ì bá ti fa tirẹ̀ pa láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn. Láti ìgbà tó ti kírun àárọ̀ tán ló ti ń wọṣọ tó tún ń bọ́ ọ. Ó wọ aláwọ̀ ewé, ó ní ó ti hàn jù. Ó wọ aláwọ̀ eérú, ó ní ó jọ aṣọ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Nígbà tó yá, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, híjáàbù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fọ abọ́ irú lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́ kíkankíkan bí ẹni pé abọ́ náà ló fẹ́ gbé ọmọ wọn lọ.

"Mo máa lọ o," ni ìyá rẹ̀ ké láti ibẹ̀. "Mo ti ní mo máa lọ, mo máa lọ. Àmọ́ bí mo bá fojú kan ẹran ẹlẹ́dẹ̀ báyìí, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀kadà ni màá dá dúró, ó di ilé."

"Màmá, kò sí ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn alápatà wa náà ni wọ́n ti ń ra ẹran. Zakariyah ti bá wọn sọ ọ́."

"Ta ló bi ọ́ ní ti Zakariyah?"

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìyá Zulfah ni gbogbo Ẹdẹ ń pè wọ́n, orúkọ àkọ́bí wọn tó wà nílé ọkọ ní Ìwó. Àwọn tó ṣì mọ̀ pé Àwáwù ni wọ́n ń jẹ́ kò pọ̀ mọ́. Láti ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tí Mubarakah ti mú ọ̀rọ̀ Zakariyah wálé, Ìyá Zulfah ò fẹ́ gbọ́ orúkọ náà sétí.

Fíríìsà ló pa àwọn méjèèjì pọ̀. Fíríìsà tí Mubarakah ń kó yógọ́ọ̀tì àti sóbò sí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló dákẹ́ lọ́jọ́ kan tí oòrùn ń ràn bí iná, ni wọ́n bá júwe ọmọkùnrin kan tó ń tún un ṣe. Ó dé, ó kí i, ó tú ẹ̀yìn fíríìsà palẹ̀, kò sọ̀rọ̀ títí ó fi tún un tán. Nígbà tó máa fi kúrò níbẹ̀, omi ti ń di yìnyín nínú fíríìsà, àmọ́ nǹkan kan ti ń yọ́ láyà Mubarakah. Ọ̀sẹ̀ kejì, fíríìsà ò ṣe nǹkan kan, ọmọkùnrin náà ní òun kàn yà láti wò ó ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta bẹ́ẹ̀. Ìdí fíríìsà tí kò ṣàìsàn ni wọ́n wà títí ìfẹ́ fi wọ̀ wọ́n lára.

Kí wá ni ẹ̀sùn Ìyá Zulfah? Wọn ò ní ọ̀lẹ ni. Wọn ò ní kì í kírun. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé: "Ìyá rẹ̀ ti kú. Ọmọ tí kò ní ìyá, ta ni màá fà ọ́ lé lọ́wọ́? Bó bá bú ọ lọ́la, ilé ta ni màá lọ jókòó sí? Ọkùnrin ò mọ ohun tó ń lọ nínú ilé, ìyá ọkọ ló mọ̀ ọ́n." Bàbá rẹ̀ ní tiwọn, àgbẹ̀ tí kì í sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ lóòjọ́, ní ẹni tó bá ti tẹ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn ti tẹ́ àwọn náà lọ́rùn.

Títílayọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wá di alárinà. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, akọ̀wé ní yunifásítì, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju oyin lọ.

"Gbọ́ mi," ló wí. "Ìyá rẹ ò fẹ́ kó wá sílé yín. Àlàájà tó tọ́ Zakariyah dàgbà ní àwọn ò lè lọ sílé ẹni tí kò pe àwọn. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni. Ilé oúnjẹ ará Kòríà yẹn, lọ́nà Sekona. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun ni onílé, gbogbo wa la jọ máa jẹ́ àjèjì."

"Títí, ìyá mi ò jẹ ìrẹsì tí wọ́n bá sè nílé kejì rí."

"Wọ́n á jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé."

*

Ẹ̀yìn ìlú ni ilé oúnjẹ náà wà, níbi tí àwọn ilé tuntun ti ń yọ orí láàárín oko ẹ̀gẹ́. Ìyàwó olùkọ́ yunifásítì kan ló dá a sílẹ̀. Ìyá Mínjì ni wọ́n ń pè é, torí nílẹ̀ tiwọn náà, orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe ìyá. Wọ́n lẹ pátákó kékeré mọ́ ẹnu ọ̀nà, Zakariyah, tó ń bá wọn tún fíríìsà ṣe, ló bá wọn fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ́: Ẹ BỌ́ BÀTÀ YÍN KÍ Ẹ TÓ WỌLÉ.

"Ṣé mọ́sálásí ni?" Ìyá Zulfah bi í. Wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fúnra wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé e.

Zakariyah ti wà nínú. Bó ṣe rí wọn báyìí, ó nà gbalaja sórí ẹní, ṣòkòtò funfun, ìbọ̀sẹ̀ dúdú, orí kan ilẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mubarakah ń ka èémí rẹ̀.

"Dìde," ni Ìyá Zulfah wí nígbẹ̀yìn. "Aṣọ funfun lo wọ̀. Dìde, ó tó."

Kò pọ̀, ṣùgbọ́n Mubarakah mú un bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń mú ìkán omi.

Àlàájà Sìmbíátù, ẹ̀gbọ́n bàbá Zakariyah, ló tọ́ ọ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Obìnrin ńlá ni, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń bọ̀, ẹ̀rín wọn ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n wò yíká, wọn ò rí àga. "Sìmbíátù jókòó sílẹ̀ lónìí! Títílayọ̀, ìwọ lo máa gbé mi dìde o, kì í ṣe ọmọ yìí. Ọmọ yìí fíríìsà nìkan ló mọ̀ ọ́n gbé."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá Zulfah náà fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tètè pa á mọ́.

Ààrò kékeré wà láàárín tábìlì rẹlẹ̀ náà, èédú ń pọ́n nínú rẹ̀. Ìyá Mínjì wọlé wá, ó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó tẹ orí ba, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé abọ́ àkọ́kọ́ síwájú Àlàájà. Ó gbé èkejì síwájú Ìyá Zulfah.

"Ọmọ ire," ni Ìyá Zulfah wí jẹ́jẹ́. "Ẹ wo bó ṣe ń fún àgbà ní nǹkan."

"Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jẹun, Màmá," Zakariyah wí, kò wojú wọn, "àfi bí ẹni tó dàgbà jù nídìí tábìlì bá gbé ṣíbí. Bí àgbà ò bá gbé e, gbogbo ilé á máa wo oúnjẹ ni."

"Ẹ gbà mí o!" ni Àlàájà ké. "Èmi ni ẹ fẹ́ fi ebi pa?" Wọ́n gbé ṣíbí wọn. Ni oúnjẹ bá bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rín pọ̀ lórí oúnjẹ yẹn. Nígbà tí Ìyá Mínjì mú sísọ́ọ̀sì jáde tó fi ń gé ẹran lórí iná, Àlàájà ní àwọn ò rí ẹran tí wọ́n ń gé bí aṣọ rí láyé àwọn. Títílayọ̀ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì gbé kábéèjì aláta kan, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sínú ife Zakariyah. Nígbà tí ọbẹ̀ dé, tó ń hó nínú ìkòkò dúdú, ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí ṣẹlẹ̀. Ìyá Zulfah dẹ orí sí ìkòkò náà, wọ́n fa imú, wọ́n tún fà á.

"Irú nìyí."

"Ẹ̀wà sóyà ni, Màmá," ni Zakariyah wí. "Wọ́n sè é, wọ́n gún un, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀."

"Mo ní irú ni! Ọdún mélòó ni mo ti ń ṣe irú? Ìyá Mínjì, ọjọ́ mélòó lo fi bò ó?"

Ìyá Mínjì na ìka mẹ́fà. "Oṣù."

"Oṣù mẹ́fà! Èmi tí mò ń fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe tèmi ni wọ́n ń pè ní akíkanjú?" Wọ́n bu ọbẹ̀, wọ́n lá a, wọ́n tún bù ú. Wọ́n bu sí abọ́ Mubarakah. Lẹ́yìn náà, bí ẹni pé ọwọ́ wọn ló ṣe é láìsọ fún wọn, wọ́n bu sí abọ́ Zakariyah. "Jẹun. O rù jù."

Ìbẹ̀rù tó ti nàró láyà Mubarakah láti àárọ̀ wá jókòó. Ó gbé ojú sókè, ojú òun àti Zakariyah ṣe mẹ́rin, àwọn méjèèjì tètè wo ẹran.

Ìgbà yẹn ni ọmọ sunkún lẹ́yìn Ìyá Mínjì.

"Gbé e wá," ni Ìyá Zulfah wí. "Ìwọ máa bá iṣẹ́ rẹ lọ." Wọ́n gba ọmọ náà, wọ́n dà á sí èjìká. Ọmọ náà ń fi ẹnu wá ọmú láyà wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "O pẹ́ dé, ọmọ mi, ó ti gbẹ. Nígbà tí Zulfah wà lọ́mú ni ò bá dé. Ìgbà yẹn, omi ọmú mi, bí ẹ̀rọ omi! Ọmọ ọlọ́mọ pàápàá mo fún. Obìnrin kan wà nílé ìwòsàn Alajue tí a jọ ń gbọ́mọ lọ, ọmú rẹ̀ wú, kò lè fún ọmọ rẹ̀. Ọmọkùnrin. Mo fún un lọ́mú fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Èèyàn pupa, ọmọ Awo. Ìyá Usamah ni wọ́n ń pè é."

Àlàájà Sìmbíátù gbé ṣíbí wọn sílẹ̀.

"Ìyá Usamah wo?"

"Ìyá Usamah kan, ọkọ rẹ̀ ń gbẹ́ kànga."

"Àbúrò mi ló ń gbẹ́ kànga." Ohùn Àlàájà ti yí padà. "Usamah ni àkọ́bí wọn. Zakariyah tó jókòó yìí ló tẹ̀ lé e."

Ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í jóná lórí ààrò. Kò sẹ́ni tó yí i padà. Láti ilé kéwú ni gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá mu ọmú ìyá rẹ ti di ọmọ ìyá rẹ. Bó jẹ́ Zakariyah ló mu ọmú yẹn, ẹ̀gbọ́n Mubarakah ni, kì í ṣe ọkọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí ìyá fẹ́ tàbí kí ìyá má fẹ́ mọ́.

"Èwo nínú wọn?" Àlàájà bi wọ́n. "Ìyá Zulfah, Ìyá Usamah ni wọ́n ń pè é nígbà tó gbé Usamah lọ́wọ́, òun náà ni wọ́n ń pè é nígbà tó gbé Zakariyah. Ọdún kan àti díẹ̀ ló wà láàárín wọn. Èwo lẹ fún lọ́mú?"

Mubarakah ń wo ìyá rẹ̀. Ó rí i tí ojú wọn kúrò lójú Zakariyah, tó sọ̀ kalẹ̀, tó bọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì nínú ìbọ̀sẹ̀ dúdú. Ojú náà dúró síbẹ̀.

"Mi ò rántí mọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. Wọ́n dá ọmọ padà fún Ìyá Mínjì, wọ́n dìde, wọ́n wá bàtà wọn lọ.

*

Ààfáà tí bàbá rẹ̀ lọ bá kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní ẹni tó mu wàrà ni wàrà mú. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ló mu ún, kò kan àbúrò, kí wọ́n máa fẹ́ra wọn lọ. Bó bá jẹ́ Zakariyah fúnra rẹ̀ ni, ì báà ṣe ẹnu kan péré, ó parí. "Ẹ lọ wádìí," ló wí. "Kí wọ́n tó wádìí, kí olúkúlùkù máa wà ní àyè rẹ̀."

Ta ni wọ́n máa bi? Ìyá Zakariyah ti lọ sálákeji, bàbá rẹ̀ ti tẹ̀ lé e. Usamah ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ó ní ta ló ń rántí ọmú tó mu? Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Mubarakah ń ta yógọ́ọ̀tì, ó ń ṣi nǹkan ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹsàn-án, Zakariyah dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kò wọlé. Bàtà iṣẹ́ ńlá ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí fún òróró.

"Fíríìsà ńkọ́?" ló bi í.

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"Ó dáa." Ó ń yí sípánà lọ́wọ́. "Mubarakah, kí ni kí n máa pè ọ́ báyìí? Mo fẹ́ pè ọ́ láàárọ̀, mo wo orúkọ tí mo fi pa nọ́ńbà rẹ mọ́ sórí fóònù, ìtìjú mú mi. Bó bá ṣe pé àbúrò mi ni ọ́ ńkọ́?"

"Má sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹnìkan ní láti sọ ọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní bá ọ jà, mi ò ní bá Màmá jà. Màá máa bá ọ tún fíríìsà ṣe. Àmọ́ mi ò ní lè wá síbi ìgbéyàwó rẹ. Ìyẹn nìkan ni kó o forí jì mí."

Ó lọ. Mubarakah ṣí fíríìsà, ó ti orí bọ̀ ọ́, kí àwọn oníbàárà má bàa rí ojú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Irú tí wọ́n bò láti ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀, ó ti bàjẹ́. Irú Ìyá Zulfah ò bàjẹ́ rí.

"Màmá, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ ń wò lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹsẹ̀ ta?"

"Màmá. Ẹ lẹ́ ẹ ò rántí, àmọ́ ẹsẹ̀ Zakariyah lẹ ń wò. Bí ẹ bá mọ nǹkan kan, ẹ fi Ọlọ́run sọ ọ́. Bó bá máa pa mí, kó yáa pa mí. Àìmọ̀ yìí ló ń jẹ mí díẹ̀díẹ̀."

Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ da adìyẹ wọlé. Lẹ́yìn náà wọ́n nu ọwọ́ sí ìró.

"Pe Títílayọ̀. Kó pe gbogbo wọn padà, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Ìlọrin. Ibi ọjọ́sí náà ni."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀?"

"Wọ́n ń bọ́ bàtà níbẹ̀. Mi ò lè ní kí ọmọ ọlọ́mọ bọ́ bàtà níwájú mi lásán."

*

Àwọn méje ló jókòó sídìí tábìlì náà lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Usamah ga ju àbúrò rẹ̀ lọ, ó pupa, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ kó lè lé ìdákẹ́jẹ́ lọ. "Ọmú ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹ fi wá mí wá láti Ìlọrin!" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọbẹ̀ ń hó. Àlàájà Sìmbíátù ò gbé ṣíbí, torí náà kò sẹ́ni tó gbé e. Bàbá Mubarakah ń wo ọwọ́ ara wọn.

Ìyá Zulfah ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. "Ọmọ tí mo fún lọ́mú ní àmì. Èmi ni mo fi í lé e lára."

Gbogbo ojú yí sí wọn.

"Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, mo gbé e lé itan, mo ń fún un lọ́mú, mò ń mu ògì gbígbóná kí omi ọmú lè wá. Ìyá rẹ̀ ti kì mí nílọ̀. Ó ní, 'Ẹ gbé ọmọ sílẹ̀ kí ẹ tó mu ún.' Mo ní kò sí nǹkan kan. Ọmọ náà ju ọwọ́, ó gbá abọ́. Ògì náà dà sí i lẹ́sẹ̀ òsì, láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ọmọ ìka."

Kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ náà tán, Mubarakah ti mọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹsẹ̀ Zakariyah! Ó ti rí i lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá láti kírun ọ̀sán, ó mọ́lẹ̀, ó ń dán, kò sí àpá kan níbẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá ti bi í léèrè lọ́jọ́ kìíní, ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Usamah ò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó tẹ̀, ó fa ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ òsì bọ́. Àpá náà rèé, ó dán, ó ká jọ, bí háhá àgbàdo tí iná rà.

Ìyá Zulfah kúnlẹ̀. Àgbà obìnrin kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó lè jẹ́ tiwọn. "Forí jì mí, ọmọ mi. Mo sá ni. Mi ò padà sílé ìwòsàn yẹn mọ́. Mo ń retí kí ará ilé yín wá bá mi jà nílé, wọn ò wá."

"Wọn ò lè wá," ni Àlàájà Sìmbíátù wí. Ohùn wọn gbẹ. "Ìyá rẹ̀ ní òun ni. Mo bi í léèrè, ó ní òun lòun da omi gbígbóná sọ́mọ òun lẹ́sẹ̀. Títí ó fi kú ni mò ń pè é ní aláìbìkítà. Níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Kò fi ẹnu kan dárúkọ yín rí."

"Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ," ni Ìyá Zulfah wí. "Ó ní ẹni tó fún ọmọ òun lọ́mú, òun ò ní fi í fún ẹlẹ́nu jẹ."

Àlàájà bo ojú wọn. Wàyí o, ìbẹ̀rù mìíràn dìde láyà Mubarakah, ó tóbi ju ti ìṣáájú lọ. Wàrà ò dí wọn lọ́nà mọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń sunkún yìí lè sọ pé òun ò fẹ́ ọmọ ilé yẹn, ta ló máa bá wọn wí? Ọbẹ̀ ti ń tutù. Ìyá Mínjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Gbogbo wọn ń wo ṣíbí kan ṣoṣo tó wà níwájú Àlàájà.

Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi pé Zakariyah di etí tábìlì mú.

Àlàájà Sìmbíátù nu ojú. Wọ́n gbé ṣíbí. Wọ́n bu ọbẹ̀, wọn ò gbé e sẹ́nu ara wọn. Wọ́n nà á kọjá orí tábìlì, ọwọ́ kejì lábẹ́ rẹ̀ kó má bàa kán sílẹ̀, wọ́n gbé e síwájú ẹnu Ìyá Zulfah.

"Ẹ dìde nílẹ̀, kí ẹ gbà á. Ẹ lẹ́ ẹ ò rí ìyá tẹ́ ẹ máa fa ọmọ yín lé lọ́wọ́. Èmi rèé. Gbèsè ẹnu mi lọ́dọ̀ òkú ọ̀run, ara ọmọ yín ni màá ti san án."

Ìyá Zulfah gbà á mì tòun ti omijé.

Usamah dìde, ẹsẹ̀ kan nínú ìbọ̀sẹ̀, èkejì lásán. Ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀, ó rìn yí tábìlì ká, ó lọ jókòó sáàárín Ìyá Zulfah àti Mubarakah.

"Níbo lò ń lọ?" Zakariyah bi í.

"Ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni mí báyìí. Ta ni ọ́, tó ò ń bi mí léèrè? Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń kí àna nílé yín?"

Bàbá Mubarakah ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ọdún pípẹ́. Àlàájà ní kí Zakariyah má fi ojú di àna. Títílayọ̀ ti gbé fóònù sókè. Ni Zakariyah bá nà gbalaja sórí ẹní níwájú ẹ̀gbọ́n tó ti ń bá jìjàkadì láti kékeré.

"Orí rẹ ò tíì kan ilẹ̀," ni Usamah wí. "Padà ṣe é."

Bó ṣe ń padà ṣe é, ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ yọ̀ bọ́. Mubarakah wo ẹsẹ̀ náà, ó dán, ó mọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó mú ìbọ̀sẹ̀ náà nílẹ̀, ó ká a, ó fi í sínú àpò ara rẹ̀, ó sì fa sípù pa.